Etí Tí Hannah Fẹ́ Kí Wọ́n Rán

Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún Hannah pé dókítà lè rán etí tó ya, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ fún ayọ̀. Bó bá ń gún iyán, á rẹ́rìn-ín. Bó bá ń ro ẹ̀gẹ́ lóko, á dúró, á fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀ lábẹ́ gèlè.

Nígbà ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá kí i ní Emùré: Ezekiel tó ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ̀rẹ́, àti Fúnmilọ́lá tó wà nílé ọkọ ní Ògòtún. Bí wọ́n ti jẹun tán, ó ní kí wọ́n jókòó.

“Mo fẹ́ kí dókítà bá mi rán etí mi.”

“Màmá, ṣé ó ń dùn yín ni?” Ezekiel bèèrè.

“Kò dùn mí.”

“Àbí ẹ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́?”

“Mo ń gbọ́ bí o ti ń mí yìí. Ẹwà ni mo ń wá. Mo fẹ́ wọ yẹtí.”

Fúnmilọ́lá pàtẹ́wọ́. Ezekiel kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ kì í ṣe ohun àfiṣeré fún àgbàlagbà, àti pé kí ni wọn yóò máa wí ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Hannah tú gèlè rẹ̀, ohun tí kì í ṣe lójú wọn. Ìsàlẹ̀ etí náà là sí méjì bíi pátákò ewúrẹ́.

“Ta ló ya á?” Ohùn Ezekiel ti rọ̀.

“Ìwọ ni. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. O rí yẹtí tó ń dán, o fà á. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọwọ́ kì í jẹ̀bi, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́.”

Ezekiel wo ìyá rẹ̀ títí. “Èmi ni n ó mú yín lọ,” ló wí.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tán, Hannah kò mọ ìrora mọ́, àfi bí òwú ti ń wọ́ gẹ́rẹ́. Ezekiel tó jókòó síta ló ń làágùn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nínú lọ́rì, obìnrin ará Àgbàdo kan rí báńdéèjì, ó kí wọn kú ewu ìjàǹbá.

“Kì í ṣe ìjàǹbá, ma,” ni Ezekiel dá a lóhùn. “Ìyá mi fẹ́ wọ yẹtí ni.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Hannah sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, wọ́n lu etí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá, Hannah sì wọ yẹtí. Fúnmilọ́lá wá wò ó. Ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo eyín iwájú rẹ̀ tó kán.

“Màmá, èmi náà ní ohun kan tí mo fẹ́ kí dókítà bá mi tún ṣe.”

Hannah fa àpótí sún mọ́ ọn. “Sọ ọ́, ọmọ mi.”