Obìnrin Ìdí Ẹwìrì

Oṣù kejì rèé tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe yìí kò tíì yéé po tíì ife méjì láàárọ̀. Á da ọ̀kan nù, á jókòó ti èkejì. Ilé tí ènìyàn mẹ́fà ti ń du balùwẹ̀ nígbà kan rí, òun nìkan ló kù síbẹ̀. Bó bá wúkọ́, ògiri ló ń dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsìn ìrántí màmá náà, akọ̀wé ìjọ ránṣẹ́ pè é. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, kò sì tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti bébà kan tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé màmá náà sí síwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ bá mi kà á kí n tó gbé e fún àwọn atẹ̀wé lọ́sàn-án yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹbí sọ pé a fi nǹkan pamọ́ fún wọn."

Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀: á tú u palẹ̀, á wò ó, á tún un tò.

Ó kà á. Gbogbo rẹ̀ dára títí ó fi dé ìsàlẹ̀. "Ó fà sẹ́yìn nínú ìjọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn náà ó padà. Agogo: ìgbà mẹ́rìnlélógójì."

Nínú ìjọ yẹn, bí àgbàlagbà bá kú, níbi ìsìn ìrántí rẹ̀, wọ́n á lu agogo ńlá lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ń wá jọ́sìn. Gbogbo ìjọ á dákẹ́, oníkálukú á máa kà á lọ́kàn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ìyá rẹ̀ fi wá.

"Ta ló fà sẹ́yìn?"

"Ẹ má bínú sí mi o, sà. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀." Akọ̀wé ṣí ìwé ìjókòó kan tí etí rẹ̀ ti ya. Láyé àtijọ́, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á rìn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, á máa fàlà sí iwájú orúkọ ẹni tó bá rí. "Ẹ wò ó fúnra yín. Iwájú orúkọ Màmá ṣófo láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà, ọdún lórí ọdún."

"Ẹni tó ń fàlà kò lè rí i. Ẹ̀yìn dùùrù ni ìyá mi wà."

"Ẹ̀yìn dùùrù? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Òun ló ń fún un ní afẹ́fẹ́."

Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń ṣàlàyé ẹ̀rọ fún oníbàárà. Kí wọ́n tó so mọ́tò oníná mọ́ dùùrù, ẹwìrì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá pákó tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa tẹ ọ̀pá gígùn kan sílẹ̀, kó máa gbé e sókè, kí ẹwìrì lè kún. Òjé kékeré kan so rọ̀ sára okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kún ni òjé náà á máa wálẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń tán, á máa gòkè. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà méjì sí ara pákó, òjé kò sì gbọ́dọ̀ kọjá èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Òun náà ti jókòó síbẹ̀ lọ́mọdé, lórí àpótí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n tẹ̀lé ohùn ńlá dùùrù. Ìyá rẹ̀ kì í rí àlùfáà, ìwàásù sì ń gba inú pákó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó bo ẹnu mọ́lẹ̀. Àmọ́ ó mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí orin kọ̀ọ̀kan ń mu. Á ní, "Ọ̀mu afẹ́fẹ́ ni èyí o, jẹ́ kí n ká apá aṣọ mi." Tí wọ́n bá parí, á fi gèlè nu ojú, á sì rẹ́rìn-ín: "Àlùfáà gba ìyìn, akọrin gba ìyìn, èmi gba òógùn."

Akọ̀wé tẹ́tí dáadáa. "Ṣé ẹnìkan wà tó lè jẹ́rìí sí i?"

Atẹdùùrù ayé ìgbà náà ti kú. Àwọn tó mọ ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ní ìlú òkèèrè tó ń gbé, ó sọ fún un pé wọ́n fẹ́ dín agogo Màmá kù.

"Àbíkẹ́yìn, ibi iṣẹ́ ni mo wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé nítorí agogo lo ṣe ń pè mí? Màmá kò níí gbọ́ ọ mọ́. Jẹ́ kí wọ́n lu iye tó bá wù wọ́n."

"Wọ́n ní ó fà sẹ́yìn."

"Sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ìwọ lo wà níbẹ̀, ìwọ lo mọ bó o ṣe máa sọ ọ́." Ó ní òun ń bọ̀ wá pè é padà.

Akọ̀wé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹnu ọmọ ìyá kan náà ni, sà. Àwọn àgbà ìjọ kò ní gbà á."

Ọkùnrin náà ronú bó ṣe máa ń ronú nídìí ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́: kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan mìíràn ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Dùùrù kò lè fọhùn láìsí afẹ́fẹ́. Ó béèrè ìwé tí atẹdùùrù ń kọ orin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun àti eruku rẹ̀. Orin rèé, Sunday lórí Sunday, fún gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún náà.

"Mo gbà pé ẹnìkan ń tẹ ẹwìrì," ni akọ̀wé wí. "Ta ló wá ní Màmá ni?"

Ọkùnrin náà ń ṣí ìwé orin lọ. Níbì kan, "Dùùrù bàjẹ́." Níwájú, bákan náà. Lẹ́yìn náà ló kan ibì kan tí atẹdùùrù ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Sunday mẹ́ta tó tẹ̀léra: "Ohùn lásán. Kò sí afẹ́fẹ́." Kò tún kọ irú rẹ̀ mọ́ níbòmíràn.

Ọkùnrin náà wo déètì àkọ́kọ́. Ó tún un wò.

"Ẹ bá mi gbé ìwé ìrìbọmi ọdún yẹn."

Akọ̀wé gbé e wá, ó fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀, ó dúró. "Ẹ̀yin rèé. Wọ́n bí yín ní Sátidé." Ó wo ìwé orin. "Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni èyí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nílé tì mí."

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Wọ́n gbìyànjú. Ọ̀pá yẹn lágídí. Téèyàn bá falẹ̀, dùùrù á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fún lọ́rùn. Màmá ní atẹdùùrù ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú fi ẹnu kọrin."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì fa kálàmù yọ. Ó fagi lé ìlà tó sọ pé màmá fà sẹ́yìn, ó sọ mẹ́rìnlélógójì di mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó wo ìwé ìjókòó, ó wo ọkùnrin náà, ó sì na kálàmù sí i.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ bá wa fàlà sí i."

Ó jókòó ti ìwé náà. Ó ń fàlà kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ìwé orin lápá òsì, kí ó má baà fàlà sí ọjọ́ tí dùùrù bàjẹ́. Nígbà tó dé Sunday mẹ́ta yẹn, ó gbé kálàmù sókè, ó fò wọ́n.

"Ẹ ti fo mẹ́ta, sà. Kò kúkú lè dín agogo kù."

"Kò wá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn."

Akọ̀wé gbé bébà lọ fún àwọn atẹ̀wé, ó ní kó ti ilẹ̀kùn tó bá ṣe tán. Ọdún méjìlá ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé, nítorí náà kò kánjú. Ó fàlà sí Sunday kẹrin.