Ọ̀sẹ̀ Ta Ló Kàn Lórí Àga?

Ẹ sún mọ́bí, kí n rọ́ àlá tó fi mí ṣeré lóru àná. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Ilé-iṣẹ́ wa tó ń lọ ata gbígbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké dàgbà. Àwa mẹ́ta péré ni: èmi ọ̀gá, Tinúadé àti Gbọ́láwọyè. Bí a ṣe jáde ní géètì báyìí, ọ́fíìsì wa, àwa náà nínú rẹ̀, gbéra nílẹ̀ bí òwú tí atẹ́gùn gbé, ó dúró sókè Abẹ́òkúta. N ò janpata. Mo kàn ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí ata má baà fẹ́ lọ.

Ojú fèrèsé náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tó ń bójú tó wa níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, gbà wọlé.

"Ẹ ti dàgbà," ló wí. "Ẹ tún ètò yín tò. Ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹnì kan jẹ ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó kan ẹlòmíì."

Tinúadé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín wo nìyẹn? Ara fu mí.

Àga tí mo jókòó lé bá rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi: "Bọ̀dá Kúnmi, wọ́n ti ń wọn fífẹ̀ mi láti àná. Kì í ṣe ìdí tiyín ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún."

Mo dìde fùú. "Tinúadé! Ìwọ tí mo kọ́ níṣẹ́, àga mi lo fẹ́ gbà?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń bá yín du àga? Ẹ̀yin lẹ ń tọ́ ata wò, ẹ̀yin lẹ ń dá oníbàárà lóhùn, ẹ̀yin lẹ kó kọ́kọ́rọ́ dání. Bí ẹ bá sùn, gbogbo wa sùn nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ̀gbọ́n," ni Gbọ́láwọyè fi tì í lẹ́yìn. "Ẹ wá wo bó ṣe ń rí nídìí ẹ̀rọ."

"Ọ̀tẹ̀ ni!" ni mo pariwo. Mo yíjú pé kí n padà jókòó. Ṣówándé ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti fìdí kalẹ̀ lórí àga mi.

"Ọ̀sẹ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀," ló wí.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," ni àwọn méjèèjì kí i. Wọ́n wò mí. Kí ni kí n ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni òbúkọ wí. "Bọ́ sídìí ẹ̀rọ."

Mo lọ. Mo ń bu ata sẹ́nu ẹ̀rọ, Tinúadé ń dá oníbàárà lóhùn, Gbọ́láwọyè ń di ata sí ọ̀rá. Iṣẹ́ ń lọ geere! Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mo figbe ta, mo jí.

Fóònù ló ń dún. Tinúadé ni. "Ẹ káàárọ̀ sà. Oòrùn ti ń ta wá lẹ́nu ọ̀nà o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín."

Nǹkan kan ké mèè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Òbúkọ onílé ni, sà."

Mo fi fóònù mọ́ etí dáadáa. "Tinúadé, má purọ́ fún mi. Ṣé ó ti jókòó?"