Ọpọlọ Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Bàbá

Mánsúrù, tó ń ta pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fi ìka ti ọ̀kan nínú àwọn páálí kékeré méjì tó wà lórí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, pùrósẹ́sọ̀ yìí yára ju èkejì lọ o, ṣùgbọ́n kò ní gíráfíìsì nínú. Ẹ ó tún ra káàdì lọ́tọ̀ kó tó lè gbé àwòrán jáde. Èkejì yìí, tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Fún ẹni tó kàn fẹ́ wo fídíò, òun lèmi máa mú."

"Fídíò kan ṣoṣo ni," ni Bàbá wí. "Ti ìyá wọn ni."

Moróunkẹ́ ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Láti ilé wọn ní Apẹ̀tẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀bù yìí ní Agbowó, orí ẹsẹ̀ Bàbá ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà wà nínú kẹ̀kẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Owó tó tọ́jú fún gíláàsì ojú rẹ̀ ló kó wá. Gíláàsì lè dúró, ó ní.

Kò sì sí ohun tó ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Moróunkẹ́ rí iṣẹ́ kan gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àyè kò sì tó nínú kọ̀ǹpútà náà, ló bá pa gbogbo fáìlì tó wà lórí háàdì rẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, rẹ́. Ó dá a lójú pé fídíò Màmá ṣì wà lórí fóònù òun. Kò sí níbẹ̀. Ó wá a títí ó fi sunkún. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí Bàbá ní kó tan fídíò náà bí ìṣe wọn, ẹnu rẹ̀ yára ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ: "Pùrósẹ́sọ̀ ẹ̀ ti gbó, Bàbá. Kò lè gbé fídíò mọ́."

Ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa kú sí. Ó gbàgbé pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá òun. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ayé léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní pùrósẹ́sọ̀, títí kan pásítọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti Moróunkẹ́ kò tilẹ̀ rí oṣù méjì lọ.

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. Màmá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó gbójú sókè, ó sì pe ọkọ rẹ̀: "Àkàndé, oúnjẹ ti ń tutù o." Láti ìgbà tí Màmá ti kú, kò tún sí ẹni tó ń pe Bàbá ní Àkàndé mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí ti lọ, ọmọ kì í sì í fi oríkì pe bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan fídíò náà, Bàbá a di ojú. Moróunkẹ́ máa ń rò pé oorun ló ń kùn ún.

"Ẹ má tíì sanwó," ni Mánsúrù wí. "A kì í tajà níbí láìdán an wò. Ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi ṣe gan-an la fi ń dán an wò."

Kí Moróunkẹ́ tó rí nǹkan sọ, ó ti tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, ó ti yọ háàdì rẹ̀, ó ti so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ki ọpọlọ tuntun sí. Bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó nu gíláàsì rẹ̀ tó ti ha, ó sì tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tí àlejò fẹ́ wọlé tọ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà tàn.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́," ni Mánsúrù wí. "Àǹtí, ibo ni fídíò ọ̀hún wà?"

Moróunkẹ́ kò mọ ìgbà tí eékún rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Bàbá, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Pùrósẹ́sọ̀ kọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mánsúrù, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, rántí lójijì pé òun fẹ́ ra omi, ó jáde. Fáànù ń yí. Kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà náà ju iṣẹ́ Moróunkẹ́ lọ. Ojú tì í débi pé ó ń gbàdúrà kí Bàbá bínú.

"Kò sí níbòmíràn?"

"Kò sí, sà."

Bàbá yí àga rẹ̀ kọjú sí i. "Ìwọ lo di fóònù mú lọ́jọ́ tá a yà á. O gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe pè mí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Pè é bó ṣe pè é."

Moróunkẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, bí Màmá ṣe máa ń fà á. "Àkàndé, oúnjẹ ti ń tutù o."

Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́, kì í ṣe ti Màmá. Ó gbójú sókè. Bàbá kò dijú lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ibẹ̀ ló sì ti yé Moróunkẹ́ pé oorun kọ́ ló ń kùn ún ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn; ohùn Màmá ló ń dijú gbọ́.

"O ṣeun," ni Bàbá wí. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Moróunkẹ́ sì mọ̀ pé kí ojú má baà tún ti òun, Bàbá kò ní béèrè fídíò náà mọ́ láé.