Kànga Tó Gba Oògùn

Ìyá Ọláwọlé kò gbé oògùn àjẹsára kọ́lẹ́rà tí wọ́n fún un mì. Inú kànga ilé wọn ní Ìlódè ló tu ú sí.

Fọlákẹ́, ìyàwó Ọláwọlé, ló fún un. Ó wà lára àwọn elétò ìlera tó ń pín in kárí ojúlé. Ká ní ẹlòmíràn ni, yóò ní kó yanu kí òun wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó yanu? Ó sàmì sí i léèékánná, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń jókòó ti kànga bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí Fọlákẹ́ wá fetí sílẹ̀. Fọlákẹ́ tẹrí ba síbẹ̀. Nǹkan kan ń kùn nísàlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ikùn ẹni tó jẹun yó.

"Ó ti ń dà nínú rẹ̀," ni ìyá wí.

"Kí ló ń dà, Màmá?"

Ìyá kò fi bò. Wọ́n ní Ayọ̀ọlá, ọmọ Fọlákẹ́, kò tíì pé ọmọ ọdún kan, wọn ò fún un lóògùn. Òun wá fi tòun fún kànga, kó lè kárí gbogbo ilé.

Fọlákẹ́ ṣàlàyé títí. Oògùn yìí kì í pa kòkòrò. Ṣe ló ń kọ́ ìfun kó lè dá kòkòrò náà mọ̀ bó bá dé, ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìfun tó mọ̀ ọ́n.

"Màmá, omi ò ní ẹran ara tó máa fi kọ́ nǹkan."

"Ìwọ tóo kàwé," ni ìyá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́ ikùn rẹ̀ àbí o ò gbọ́?"

Ó gbọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se omi ọmọ rẹ̀ lórí iná. Ó bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí àwọn lọ gba oògùn mìíràn. Ìyá ní ẹni tí kò bá lè mu omi ilé ara rẹ̀, omi ta ni yóò mu? Fọlákẹ́ ì bá lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun kọ sílẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la. Ó ní ó di ọ̀tunla.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá ń yàgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ojú rẹ̀ ti wọnú.

Àṣírí irọ́ tó kọ sílẹ̀ tú, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fọlákẹ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá. Ọláwọlé kò bá a jà, kò sì lé e. Kò kàn gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni.