Ìwé Tí Tiwalọlá Kò Fọwọ́ Sí

Ibùdó sólà méje ni Tiwalọlá ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é sí ti ilé ìgbẹ̀bí kan ní Barkin Sale. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá ti kọ́ ibùdó tán, yóò dán gbogbo rẹ̀ wò lórúkọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé, wọn kò gbọdọ̀ tan iná náà.

Nígbà tó débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì, ó bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Alhaji Àbdùlbáàkí ará Ìlọrin, lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ẹnjiníà àwọn agbaṣẹ́ṣe. Tiwalọlá kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà súre fún un, ó ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣí ibùdó, wọ́n sì ti pe àwọn èèyàn ńlá láti Maikunkele.

Pánẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́. Bátìrì ṣiṣẹ́. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀ kó má baà pa èèyàn, ni kò dáhùn bó ṣe yẹ. Kò yẹ kí mítà fi ju márùn-ún lọ hàn; ogójì ló fi hàn. Alhaji ní ọyẹ́ ló mú ilẹ̀ gbẹ, tí iná kò fi rí ọ̀nà wọlẹ̀ dáadáa. Wọ́n da omi sí i, wọ́n dúró, wọ́n tún un wọ̀n. Ogójì náà ni.

Tiwalọlá ní kí wọ́n wú ibi tí wáyà náà gbà. Alhaji ní kọnkéré ti wà lórí rẹ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí yóò gbà. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tiwa, èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di mítà mú. Fọwọ́ sí i. Tí òjò bá ti rọ̀, màá tún un ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ohun tí mítà bá sọ ni kí n kọ."

Ó kọ ogójì sínú ìwé, kò fọwọ́ sí i. Alhaji yí padà, ó lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kò sí ṣíṣí ní Sátidé mọ́, kí wọ́n wá fọ́ kọnkéré náà.

Ní ọjọ́ Ajé, Sabirah, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, pè é lórí fóònù. Ó ní obìnrin kan, Mọ̀ríámọ̀, bímọ láàárọ̀. Ọmọ náà kò lè mí dáadáa, wọ́n sì gbé e sídìí ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún wọn níná kú. Kí wọ́n tó rí ẹni tún un ṣe, ọmọ ti lọ. Sabirah kò bú u. Ó kàn ní ó yẹ kó mọ̀.

Tiwalọlá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ká ní òun fọwọ́ sí ìwé yẹn ni, iná ì bá wà.

Ọjọ́ kẹjọ sí Ọjọ́bọ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ fọ́ kọnkéré náà tán, Tiwalọlá sì padà wá wò ó. Inú kọnkéré ni wáyà náà parí sí. Kò kan irin tó yẹ kí wọ́n so ó mọ́ nínú ilẹ̀ rárá. Alhaji fúnra rẹ̀ wá wọ abẹ́ àwọn pánẹ́ẹ̀lì, ó rí wáyà iná kan tí ara rẹ̀ ti bó, tó kù díẹ̀ kó fara kan irin tó gbé wọn dúró. Orí irin yẹn ni àwọn ìyá tó ń tọ́jú ọmọ wọn ń sá aṣọ sí.

Alhaji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní inú ọ́fíìsì òun ní Tunga lòun wà tí òun fi kọ ọ́ pé òun ti yẹ wáyà ẹ́ẹ̀tì wò.

"Ká ní o fọwọ́ sí i ni, èmi ni ǹ bá pààyàn."

"Ọmọ kan ti kú, sà."

Ó ní òun ti gbọ́.

Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mítà fi mẹ́ta hàn, Tiwalọlá sì fọwọ́ sí ìwé.

Sabirah ní kó má lọ sílé Mọ̀ríámọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó bá a lórí ẹní pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń wọlé ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwalọlá kò lè bá wọn sọ ìyẹn. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun ṣe, ó sọ ti wáyà náà, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mọ̀ríámọ̀ dá a lóhùn.

"Mo gbọ́. Ẹ ò ṣe ibi. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ní kí n dúpẹ́."

Tiwalọlá ní ọpẹ́ kọ́ lòun bá wá. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ sún, ó fún un láyè lórí ẹní, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì nírọ̀lẹ́.