Ìkúnlẹ̀ Ṣèyílọ́lá

Kí Ṣèyílọ́lá tó lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti lo oògùn ní wákàtí kan ṣáájú. Bí kò bá lò ó, orúnkún á lọ, kò ní bọ̀.

Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, àìsàn tó ń bá a fínra sì ti tó ọdún mẹ́ta. Dókítà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbèjà ara rẹ̀ ló kọjú ìjà sí iṣan ara rẹ̀. Bó bá sinmi, agbára á dé. Bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ahọ́n á wúwo, ẹsẹ̀ á kọ̀. Oògùn kan ló ń tì í lẹ́yìn, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin.

Láńre ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ìyá Láńre kò mọ̀.

“Má sọ fún Màmá o,” ni Láńre wí nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá bá wọn gbé ní Thomas Estate títí dìgbà ìbímọ. “Wọ́n á ní a ò ṣe ìwádìí ká tó fẹ́ra wa.” Ó sọ ọ́ tán, ó padà síbi iṣẹ́ epo rẹ̀ lórí omi ní Bonny. Ọ̀rọ̀ rọrùn lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe orúnkún tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń sáré gún fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, magnísíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Tó bá wọ ara Ṣèyílọ́lá, èémí rẹ̀ lè dúró. Jẹ́ntà àti sípúrò, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìsàn, náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. “Lọ́jọ́ tí ẹnu yín bá kọ̀,” ni dókítà bi í, “ta ló máa sọ fún nọ́ọ̀sì?” Ìwé tó kọ ọ́ sí wà nínú báàgì, ṣùgbọ́n Màmá nìkan ló wà nílé.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Màmá máa ń jáde sí pálọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n fẹ́ tètè lọ wo àbúrò wọn, Ògúnkúnlé, tó ń kọ́lé ní Awoyaya. Aago márùn-ún ni wọ́n ti wọṣọ tán. Ṣèyílọ́lá jáde wá bu omi tó fẹ́ fi lo oògùn, ó bá wọn pàdé. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá kúnlẹ̀ tí kò dìde, àdúrà ló ṣì ń fẹ́. Àdúrà Màmá kì í sì í tán.

“Wẹ́rẹ́ lọmọ á sọ̀.”

“Àmín, mà.”

“A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.”

“Àmín.”

Ó fẹ́ dìde, orúnkún kò dá a lóhùn. Inú Màmá dùn pé ìyàwó wọn mọ iyì àdúrà. Wọ́n tún ìjókòó ṣe, wọ́n mú un látìbẹ̀rẹ̀: wọ́n gbàdúrà fún ọmọ, fún ibi ọmọ, fún omi ọyàn, fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo àmín ló ń bù lára ìwọ̀nba agbára tó kù lẹ́nu Ṣèyílọ́lá, títí ó fi di èémí lásán. Ó rẹ̀ ẹ́. Ìfipamọ́ gan-an ló rẹ̀ ẹ́ jù. Bí òun bá dákú síbí, ọsibítù ni Màmá máa gbé òun lọ, wọ́n á sì gún abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n gún.

“Màmá,” ó fipá sọ ọ́, “mi ò lè dìde. Àìsàn ni. Ó ti pẹ́.”

Àdúrà dúró. Màmá gbá a mú lábíyá, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n bá a mú oògùn wá.

Nígbà tí oògùn ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ Láńre.

“A ṣèwádìí,” ni Màmá wí. “Wọ́n ní o kì í purọ́. Ìyẹn ni mo gbọ́ tí mo fi ní kí Láńre fẹ́ ọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣèyílọ́lá dé egungun. Màmá tú gèlè wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Awoyaya di ọjọ́ mìíràn.

“Yọ ìwé yẹn. Ka orúkọ àwọn oògùn èèwọ̀ yẹn sí mi létí.”

Ó kà á, Màmá ń pè é tẹ̀lé e. “Magí… magnísíọ̀mù. Jẹ́ntà. Sípúrò.” Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò ṣì í mọ́. Ṣèyílọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ tún ti ń wúwo.

“Dákẹ́,” ni Màmá wí. “Jẹ́ kẹ́nu ẹ sinmi. Èmi náà lẹ́nu.”