Ẹni Tó Bá Fẹ́ Bú Orin Kó Kọ́kọ́ Kọ Ọ́

"Mo ti kìlọ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, èyí ni ìkẹta. Kọ orin náà, tàbí kó o gbé máàkì òdo rẹ kúrò nílẹ̀."

Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni Atẹ̀wé fi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, torí pé yíǹkì dúdú ti gba gbogbo ìka tó kù. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, àkókò ìsinmi. Àwọn yòókù nílé ìtẹ̀wé ti jáde lọ jẹun ní méjìméjì, òun nìkan ló jókòó sórí páálí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé, búrẹ́dì lórí itan. Ṣé wọn kì í pè é ni? Wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kọ̀ fún wọn lọ́dún kan gbáko, wọ́n jáwọ́.

Èsì Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. "Mi ò kọrin kankan."

"Kí ló dé?"

"Mo ní mi ò kọrin. Òdo ni mo fún un, ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

Ogójì èèyàn tó wà nínú gúrúùpù wọn lórí fóònù ń wòran. Obìnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Òfin kì í ṣe ti ẹnì kan o. Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́. Kí ló ń ṣe fọ́nńté sí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Inú bí Atẹ̀wé, torí òun ni alága, ojú òun ni wọ́n sì ń wò. Ó tẹ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń yọ èèyàn, ó sì yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ ọ́.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìpàǹtí ni orúkọ ẹgbẹ́ pọ́ńkì kan tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin dá sílẹ̀ nígbà tí àwọn wọ̀nyí ṣì lè sáré. Orin pọ́ńkì, ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, orin tí wọ́n ń kọ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ni: gìtá ń ké, ìlù ń sáré, olórin ń pariwo mọ́ ọ̀gá, mọ́ onílé, mọ́ ìjọba, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, wọ́n ti parí. Ìpàǹtí ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta, wọ́n jà, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Àwọn olólùfẹ́ wọn ló kù. Orúnkún ti ń dun àwọn tó ń fò sókè níwájú sípíkà nígbà náà, àmọ́ ẹnu wọn ṣì mú. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbé orin kan kalẹ̀, kálukú á fún un ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ bú orin, kó kọ́kọ́ kọ ọ́. Kó fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí gbogbo èèyàn lè gbà pé ó mọ ohun tó ń bú. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí, nígbà tó rí i pé àwọn kan ń bú orin tí wọn ò gbọ́ parí. Àṣé pàṣán tó fọwọ́ ara rẹ̀ já ni wọ́n máa fi nà án.

Orin tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ni "Yàrá Kan." Òun nìkan ni orin jẹ́jẹ́ tí Ìpàǹtí kọ láyé wọn, gìtá kan, ohùn kan, kò sí ìlù. Lójú Atẹ̀wé, wọn ò ṣe èyí tó dára jù ú lọ. Lójú Káfíńtà, òun ló ba ẹgbẹ́ náà jẹ́. Á ní, "Pọ́ńkì kì í sunkún, ilẹ̀kùn ni pọ́ńkì ń fẹsẹ̀ já." Orin tirẹ̀ ni "Ọ̀gá Ń Bọ̀," àádọ́rin ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn kì í mí nínú rẹ̀. Wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí níbi ìgbéyàwó kálukú wọn. Wọ́n fà á lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó Atẹ̀wé pàápàá. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán, Káfíńtà dúró ní kíṣìnnì, ó ń fọ abọ́, ó wá ní láìwẹ̀yìn, "Àmọ́ orin yẹn burú ṣá o." Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò ti rẹ́rìn-ín kankan ṣáájú ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ tó yọ Káfíńtà, "Yàrá Kan" ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo orin tí wọ́n ti fún ní máàkì, torí kò sí ẹni tó tún fún un lódo. Ọgbọ̀n ọdún ni Atẹ̀wé ti ń wá ipò yẹn fún un. Ó wo nọ́ńbà náà lórí fóònù, ó sì wé búrẹ́dì tó kù padà sínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mọ̀ọ́mọ̀ wá ìjà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "'Ọ̀gá Ń Bọ̀' lorin tó burú jù tí Ìpàǹtí kọ. Ariwo lásán ni." Ó tún fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n má bàa sọ pé ó rú òfin. Ó wá jókòó, ó ń retí.

Obìnrin oníbọ́ọ̀sì dáhùn pé, "Òótọ́ lẹ sọ, alága."

Ẹlòmíì ní, "Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀."

Kò sí ẹni tó bú u. Ó pe Káfíńtà nírọ̀lẹ́. Fóònù dún títí, ó dákẹ́. Ó tún pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Ó ń bínú ni. Kó máa bínú. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ pè é bó ṣe máa ń ṣe.

"Dádì, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

Ó wo orí tábìlì. "Búrẹ́dì."

"Òun náà lẹ jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dádì Káfíńtà ńkọ́? Ṣé wọ́n wà lọ́dọ̀ yín ni?"

"Mo yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù."

"Ẹ yọ wọ́n. Nítorí kí ni, Dádì?"

"Kò pa òfin mọ́. Orin 'Yàrá Kan' yẹn..."

"Ẹ̀yin àti Dádì Káfíńtà, lórí orin. Ọmọ kíláàsì kẹta lèmi ń kọ́ nílé ìwé, wọ́n gbọ́n jù yín lọ. Dádì, ta lẹ tún ní?"

"Ṣebí mo ní ọ."

"Èmi tí mo fi ìrìn wákàtí mẹ́fà jìnnà sí yín?" Ọmọ kékeré kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ń bọ̀, jọ̀ọ́. Dádì, màá tún pè yín. Ẹ lọ bá wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Ó wo inú pálọ̀, ó wo àga mẹ́rin tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń jókòó sí, ó sì mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Ẹ̀rù bà á gan-an ni. Bí Káfíńtà bá lọ, kò tún sí ẹnì kankan láyé tó mọ̀ ọ́n kó tó hewú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì gba ìsọ̀ Káfíńtà lọ. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fá pákó ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lójú títì. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà ṣí sílẹ̀. Káfíńtà kẹ́yìn sí i, ó ń fá ilẹ̀kùn ńlá kan tó tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, ìyẹ̀fun pákó ti bo irun rẹ̀. Atẹ̀wé dúró títí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́.

"Káfíńtà, o kú iṣẹ́ o."

Kò yíjú. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọn eruku ojú pákó dànù.

"Mo ní mo kí ọ. Èmi ni."

Káfíńtà ń gbọn eruku rẹ̀ lọ. Ara Atẹ̀wé gbóná. Àgbàlagbà bíi tòun, tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, tó fẹsẹ̀ rìn wá, ẹnì kan wá ń kẹ́yìn sí i. Ó ní, "Ó dáa náà. Bó o ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn." Ó yí padà, ló bá kan ìyàwó Káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé fúláàsì tíì lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti ríra?"

"Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ò dá mi lóhùn. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbọn eruku pákó."

Obìnrin náà wolẹ̀. "Kò gbọ́ yín ni."

"Níbi tí mo dúró sí yìí? Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, kò gbọ́. Kò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, tòsì tẹ̀ lé e, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Dókítà ní ariwo ẹ̀rọ yìí ni, àti ariwo sípíkà tí ẹ̀yin méjèèjì ń lọ gbára lé nígbà èwe yín. Ọkọ mi ní tí mo bá fi lè sọ fún yín, mo dáràn."

"Ìwọ náà sì wá sọ ọ́."

"Kí ni kí n ṣe? Láti Ọjọ́bọ̀ kò jẹun tó lórí. Fóònù yẹn ló ń wò ṣáá." Ó gbé fúláàsì lé Atẹ̀wé lọ́wọ́. "Ẹ bá mi gbé e fún un. Ẹ má ní èmi ni mo sọ o." Ó sì yára bá tirẹ̀ lọ.

Atẹ̀wé dúró síbẹ̀, ojú ń tì í. Oṣù mẹ́rin ni Káfíńtà ò ti fi ohùn ránṣẹ́, kò sì wá kí i nílé mọ́, lẹ́tà nìkan ló ń tẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló ti ń fi ohun tó rántí fún orin ní máàkì. Òun tó ń pe ara rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́, ó rò pé ìgbéraga ni, ó sì fi òfin lé e jáde níṣojú ogójì èèyàn. Ó fẹ́ sá lọ. Kò sá.

Ó yípo bẹ́ǹṣì náà, ó lọ dúró síbi tí wọ́n ti lè rí i. Káfíńtà gbójú sókè, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó wo fúláàsì, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Obìnrin yẹn ti sọ," ló wí. Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, bíi ti ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì títì.

Atẹ̀wé na ọwọ́, ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fa àjákù pákó kan mọ́ra, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Má bínú. Mi ò mọ̀."

"Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló ń rọra ṣe sí mi báyìí. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbà, wọn ì báà mọ̀ pé mo ṣì í sọ. Inú gúrúùpù yẹn nìkan ni wọ́n ti ṣì ń bú mi dáadáa."

Atẹ̀wé kọ ọ́ pé, "Màá fagi lé òfin náà."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò. Èmi ni mo ṣe é. O fẹ́ ṣe sàráà fún mi?" Ó gba fúláàsì, kò ṣí i. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó rẹ̀ ẹ́. "Ó dáa. O ti borí. 'Yàrá Kan' ló dára jù. Ṣé ó tán?"

Ọgbọ̀n ọdún ni Atẹ̀wé ti ń retí gbólóhùn yìí. Nígbà tó gbọ́ ọ, kò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Ó fi agbára tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ pákó: "Irọ́ lò ń pa. Òdo lo fún un. Òfin ni òfin. Kọ ọ́."

"Níbí?"

Atẹ̀wé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Káfíńtà wo ojú títì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ohùn ń jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Yàrá kan, àga kan, fèrèsé tó dojú kọ ògiri. Mo kí ara mi káàárọ̀, mo dá ara mi lóhùn."

Ohùn náà ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀, ó ń dúró níbi tó yẹ kó ti lọ. Àwọn méjì tó ń kọjá lójú títì dúró, wọ́n wo inú ìsọ̀. Káfíńtà ò rí wọn, ó ti dijú. Ó kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ èkejì, ó sì bọ́ sínú ẹsẹ kẹta tí Atẹ̀wé fúnra rẹ̀ ti gbàgbé: "Bí ẹ bá gbọ́ ikọ́, èmi ni. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ni." Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Omi lé sójú Atẹ̀wé. Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

"Mo ti kọ ọ́," ni Káfíńtà wí nígbà tó parí. "Òdo ni mo fún un." Ó lajú. Ó wo Atẹ̀wé gan-an. "Báwo ló ṣe dún?"

Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ Atẹ̀wé. Irọ́ tó dára wà nílẹ̀ lóríṣiríṣi, èyíkéyìí ló lè mú. Ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé, "Ó burú. Bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́."

Káfíńtà gba pákó náà, ó kà á, ó tún un kà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Atẹ̀wé ò tètè mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Mo kọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ Ẹtì," ló wí. "Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé ó dùn bí oyin. Ó ń sunkún bó ṣe ń kọ ọ́."

Ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí àpótí kejì, ó sì tì í sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Jókòó," ló wí. "Orin wo ló kàn?"